Igún, odídẹrẹ́ àti ìkòkò aró: ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́

Aláró Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Aláró ni mí, Kétu níbí, nílẹ̀ Benin, ni mò ń gbé. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi kí n tó padà wálé.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ sí ọjà kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà la gbà kọjá. Orí igún mẹ́ta wà lórí àtẹ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ti gbẹ, awọ ojú wọn ti hunjọ, wọ́n to ẹnu wọn kọjú sí ẹni tó ń bọ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, fà mí láṣọ: "Màmá, adìẹ wo nìyí?"

N kò rí èsì fún un. Nígbà tí èmi wà lọ́mọ ọdún méje, igún ló máa ń kún orí igi lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. A ó ju òkò, wọn ò tilẹ̀ ní mira, wọn á kàn máa wò wá bí àgbà tó ń wo ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ mi kò tíì rí ẹyọ kan láàyè rí.

Àtìgbà náà ni mo ti ń kun ẹyẹ. Mo fẹ́ kun aṣọ méjìlá, kí n ta wọ́n sórí okùn bí aṣọ tí a sá, kí àwọn èèyàn máa gba àárín wọn kọjá. Igún máa wà níbẹ̀, odídẹrẹ́ máa wà níbẹ̀, òjò tí kò mọ àkókò rẹ̀ mọ́ náà máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo há. Mo fẹ́ rán ìyẹ́ gidi mọ́ etí aṣọ, pàápàá ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìdí odídẹrẹ́, n kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń rí i láìdẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀rù sì ń bà mí, torí ọ̀rọ̀ ẹyẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Kétu, kí ẹnì kan má lọ sọ pé mo fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tèmi. Èyí tó kù, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: mo máa ń sunkún nídìí iṣẹ́ yìí. Ọkọ mi ní ta ló ń sunkún igún.

Ọmọ Ìlárá

Àǹtí, ẹ fi ìyẹ́ adìẹ ṣe é jàre. Òyìnbó tó máa rà á ò lè mọ̀yàtọ̀.

Ìyá Ìdènà

Ọmọ Ìlárá, jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ ná.

Aláró, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn, ẹ̀rù ọmọlúàbí ni. Ní ìlú tí a ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹni tó bá pe ẹyẹ ti pe àwọn ìyá wa. Ẹyẹ orí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ẹyẹ tó ń fò lókè nìkan, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Má kun ẹyẹ tó bà lé orí obìnrin, má kun ẹyẹ tó bà lé igbá, títí tí wàá fi lọ kí àwọn ìyá tó ń bójú tó ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ládùúgbò rẹ. Mú obì dání, mú ọtí dání, mú ọmọbìnrin rẹ yẹn náà dání. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ níbí. Wọn ò ní lé ọ. Ohun tí wọn kì í fẹ́ ni kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta.

Ti igún ò le. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹni tó pa á ni kí ẹ̀rù máa bà.

Ọkọ rẹ ńkọ́? Fi í sílẹ̀. Ọkọ tèmi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ọjọ́ méjì ni kò jẹun nígbà tí ajá rẹ̀ kú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹyẹ, Àjàṣẹ́

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n, lórí ọ̀rọ̀ ìkóódẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ní 2016, ní ìpàdé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, tí wọ́n ṣe ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè dìbò pé kí òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn dópin. Ní oṣù kìíní 2017 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í sì í ṣe ẹyẹ tó wà láàyè nìkan ló kàn, ìyẹ́ rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rán ìkóódẹ ẹyọ kan mọ́ aṣọ, tí wọ́n wá pè yín sí ìlú òyìnbó, tàbí kí ẹ tilẹ̀ fẹ́ gbé e sọdá sí Nàìjíríà lọ́hùn-ún, láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n lè gba gbogbo aṣọ náà lọ́wọ́ yín. Ìyẹ́ tó já fúnra rẹ̀ náà, èyí tí ẹ bá nínú àpótí bàbá yín náà, ẹ ò rí ohun tí ẹ máa fi jẹ́rìí sí i lẹ́nu bodè.

Yàtọ̀ sí òfin, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 sọ pé láti nǹkan bí 1992, nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 90 sí 99 ti lọ. Àwọn tó ń mú un fún àgò ló kó èyí tó pọ̀ lọ, gígé igi ńlá tí odídẹrẹ́ ń yé ẹyin sínú ihò wọn sì dá kún un.

Mo sì fẹ́ sọ ohun kan tó lè má dùn. Ẹ to igún pọ̀ mọ́ òjò tí kò mọ àkókò rẹ̀ mọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé ojú ọjọ́ ti yí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn igún, ọwọ́ wa ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti ka igún wa sí ẹyẹ tó wà ní bèbè àtirun pátápátá. Májèlé, pípa fún oògùn, igi ńlá tí a gé. Ẹyin kan péré ni abo igún máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ọmọ Ìlárá

Ọ̀gá akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ti ba ọjọ́ jẹ́ fún wa.

Alábòójútó

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó wá polówó ìyẹ́ odídẹrẹ́ síbí kúrò. Kó má padà wá.

Adáhunṣe Ìpóbẹ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, oníṣègùn lẹ máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Ta ló ń da májèlé sára òkú ẹran nítorí ìkookò? Oníṣègùn ni? Ta ló gé igi? Bàbá mi ṣe ìṣègùn ní ogójì ọdún, igún mélòó ló lò? N kò rò pé ó kọjá méjì, wọ́n sì jẹ́ èyí tó kú fúnra rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹyẹ, Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò bú yín. Ṣùgbọ́n ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa, wọ́n sì rí òkú àwọn kan tí wọ́n ti gé orí wọn lọ. Kì í ṣe nítorí ìkookò nìyẹn. Ẹni tó ń ra orí ló jẹ́ kí ẹni tó ń pa á wà.

Adáhunṣe Ìpóbẹ̀

Ẹgbẹ̀rún méjì?

Ó dáa. Mo gbọ́. Èmi ò lo orí igún mọ́, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Ìdí tí mo fi dá a dúró ò ní ọlá kankan nínú: wọ́n gbé e wá fún mi tán, mo rí i pé orí adìẹ gbígbẹ tí wọ́n fi èédú pa ni. Mo wá bi ara mi pé tí ó bá ti di pé èyí tí à ń tà jẹ́ ayédèrú, èyí tó jẹ́ òótọ́ dà? Aláró, kun èyí sáṣọ rẹ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìdènà lórí ìkíni. Èmi ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bàbá mi gbẹ́ ẹ kí n tó gbẹ́ ẹ. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀dá kò kan Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Irọ́ ni. Nígbà tí UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé, fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ìkórè, a máa ń ṣe é nígbà ọ̀dá àti nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ̀fẹ̀ náà, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ló wà fún bí kò ṣe kí a fi orin bá ẹni tó ṣe láburú wí lójú gbogbo ìlú? Nítorí náà iṣẹ́ yín kò ṣàjèjì sí Kétu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ti gbẹ́ igún tó pọ̀. N kò wo igún gbẹ́ ẹ rí. Èyí tí bàbá mi gbẹ́ ni mò ń wò, lẹ́yìn náà mo ń wo èyí tí èmi fúnra mi gbẹ́ lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ kan ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́tò igún hàn mí lórí fóònù. Mo mú igi mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà. Ẹnu igún tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò sì tóbi. Ẹnu tèmi ti gùn, ó ti nípọn, ó ti tẹ̀ kọdọrọ. Láìmọ̀, lọ́dọọdún, mo ti sọ igún di àkàlà. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àáké kékeré lọ́wọ́, ojú tì mí bí ẹni tó gbàgbé ojú ìyá rẹ̀.

Ẹ gba ìmọ̀ràn kan lọ́wọ́ mi: kí ẹ tó kun ẹyẹ kankan, ẹ wá fọ́tò rẹ̀ wò dáadáa, ẹ má gbára lé ọwọ́.

Lórí ìyẹ́, ẹ wo ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní 1962. Bídọ̀n tí àwọn oníkpayo, àwọn tó ń fi fàyàwọ́ kó epo wá láti Nàìjíríà, fi ń gbé epo bẹntiróòlù ló fi ń ṣe ojú egúngún tirẹ̀, bí ó ṣe wà, pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Ní 2007 ó gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní Documenta, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Jámánì. Ohun tó wà nílẹ̀ níbi tí ọ̀ràn náà wà ló lò. Ẹ bi ara yín pé kí ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ọdẹ Ṣábẹ

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ ń bú.

Ọdẹ ni mí, ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí. Mo ti yìnbọn lu igún rí, ẹyọ kan. Ẹnì kan ló bẹ̀ mí níṣẹ́, n kò bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lórí àpáta kan lẹ́yìn oko wa ló bà lé lówùúrọ̀, ó na ìyẹ́ sí oòrùn bí obìnrin tó ń sá aṣọ. Kò sá. Ẹ̀yin tó ti yìnbọn lu ẹran rí, ẹ mọ̀ pé ẹran tí kò sá máa ń dun èèyàn ju èyí tó sá lọ. Owó tí wọ́n fún mi kò tó ra táyà ẹ̀yìn alùpùpù mi. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo máa ń wo àpáta yẹn tí mo bá ń kọjá. Kò sí ohun tó bà lé e mọ́.

Aláró, ìwọ ń wá ìyẹ́, ìyẹ́ ò sí. Ṣùgbọ́n ohun tó kù wà lẹ́nu wa. Tí mo bá ń sun ìjálá, mo lè ki igún, mo lè ki àkàlà, mo lè ki odídẹrẹ́, kí oríkì wọn má tán kíá. Ọmọ mi ọkùnrin mọ oríkì igún lórí, ó ń kì í dáadáa, kò sì mọ̀ ọ́n lójú. Ìgbà tó kì í lọ́jọ́ kan níbi ìnáwó, tí àwọn èèyàn ń ná an lówó, èmi ni mo dìde kúrò níbẹ̀.

Tí o bá fẹ́, mo máa wá sí Kétu, mo máa dúró láàárín àwọn aṣọ rẹ, mo máa ki wọ́n. Owó alùpùpù nìkan ni kí o fún mi.

Ọmọ Ìlárá

Bàbá, ẹ sun ìrèmọ̀jé fún wọn, òkú ni wọ́n kúkú jẹ́.

Ọdẹ Ṣábẹ

Rárá o. Ọdẹ tó kú là ń sun ìrèmọ̀jé fún. Tí mo bá sun ún fún igún, àwọn àgbà ọdẹ á bi mí pé ìgbà wo ni igún gbé ìbọn. Ìjálá ni mo lè sun.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹnì kankan ò tíì dáhùn ti ẹkún. Aláró, ẹkún nìkan kì í ṣe àìsàn. Tí o bá ń jẹun, tí o ń sùn, tí o ń tọ́jú ọmọ, jẹ́ kó máa jáde. Tí ó bá di pé oorun ò kùn ọ́ mọ́, pé oúnjẹ ò wọlé, pé ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, lọ rí dókítà, má tijú. Má máa ka ìròyìn ẹyẹ lórí fóònù lálẹ́. Má sì dá ṣe é: ìwọ nìkan pẹ̀lú òkú ẹyẹ méjìlá nínú yàrá kan, ta ló ń ṣọ̀fọ̀ báyẹn nílẹ̀ wa? Pe àwọn obìnrin wá bá ọ lọ aró.

Aláró Kétu

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ Gbẹ́nàgbẹ́nà kò jẹ́ kí n sùn: kí ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi?

Lówùúrọ̀ yìí mo jókòó sídìí iṣẹ́. Ẹ̀kọ gbágùúdá tí mo fi álọ́ọ̀mù sí wà nínú abọ́. Mo mú ohun tí mo fi ń kun ún, mo sì dákẹ́. Ẹ̀yin tó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìyẹ́ adìẹ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń fi ìyẹ́ adìẹ kun aṣọ, èmi ni mo wá ń wá ìyẹ́ kiri. Ọmọ Ìlárá, o ṣe mí láàánú, o fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òótọ́.

Ohun tó tún wà: ibi tí a bá kun ẹ̀kọ sí ni aró kì í dé. Tí a bá rẹ ẹ́, tí a yọ ọ́, aṣọ máa ń kọ́kọ́ rí bí ewé, kí atẹ́gùn tó fẹ́ ẹ di aró lójú ẹni. Tí a bá fi ọ̀bẹ họ ẹ̀kọ kúrò, ẹyẹ á jáde ní funfun. Ibi tí nǹkan kò sí ni ẹyẹ wà. Ṣùgbọ́n tí a bá rẹ ẹ́ lọ rẹ ẹ́ bọ̀, aró á máa yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀, funfun á máa ṣú. Nítorí náà igún kan náà ni mo máa kun sára aṣọ méjèèjìlá. Èyí àkọ́kọ́, ìrẹ kan. Èkejì, méjì. Títí dé èkejìlá, tí aṣọ á fi dúdú bí òru. Mo ti jáwọ́ nínú ìyẹ́ gidi.

Ìyá Ìdènà

Èyí dára. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe ọmọ mi kó tún un kà fún mi.

Ṣùgbọ́n gbọ́. A máa ń wúre pé agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Gbogbo ìyàwó la ti ṣe àdúrà yẹn fún. Ìgbà wo ni o rí agbe kẹ́yìn?

Aláró Kétu

N kò rí i rí, ìyá mi. Ọwọ́ mi sì ń di aró dé ìgúnpá lójoojúmọ́.

Ìyá Ìdènà

Hẹn-ẹn. Èmi rí i, nígbà tí mo wà lọ́mọge, lápá igbó tí wọ́n ń pè ní Dogo-Kétu. Fi agbe kún un. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ igún nìkan.

Aṣọ kejìlá yẹn, má jẹ́ kó ṣú tán. Fi nǹkan kan sílẹ̀. A kì í bo òkú lójú kí ọmọ rẹ̀ tó dé.

Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ojú rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ máa tún ẹ̀kọ kun ojú nìkan kí ẹ tó rẹ ẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan, kó lè funfun dé òpin. Ẹ tún wo fọ́tò o, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́!

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹyẹ, Àjàṣẹ́

Mo ti kó fọ́tò mẹ́fà tó hàn kedere jọ, mo máa fi wọ́n síbí lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà tó bá wá wò ó sọ ibi tí wọ́n ti rí igún kẹ́yìn àti ọdún tó jẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó máa wúlò fún wa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ kọ ti ìyá mi àgbà: ẹ̀bá ọ̀sà níhìn-ín ni.

Aláró Kétu

Oṣù méjì ti kọjá, ẹ má bínú.

Mo lọ kí àwọn ìyá. Èmi àti ọmọ mi kúnlẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní kí n má kun igún tó ń wolẹ̀, kí n kun èyí tó gbójú sókè. Mo ti tún mẹ́ta kun nítorí ìyẹn. Àwọn obìnrin mẹ́rin ló ń bá mi lọ aró ní ọjọ́ Sátidé, a ń sunkún díẹ̀, a ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà púpọ̀. Ọkọ mi ló ta okùn.

Aṣọ mọ́kànlá ti parí. Èkejìlá wà nínú ìkòkò bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ mi ti kọ́ láti máa fi ìyẹ́ adìẹ kun ojú rẹ̀. Lánàá ó kun ọ̀kan sí ibi tí kò yẹ, sí ìyẹ́ apá, ó ní kó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹnì kan bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. N kò họ ọ́ kúrò.

Bàbá Ọdẹ Ṣábẹ, owó alùpùpù yín ti wà nílẹ̀. Ẹ mú ọmọkùnrin yín yẹn dání.